Èsì Aago Méjì Òru

Ìràwọ̀ kan ni, ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún. Oorun ti ń kùn mí nígbà tí fóònù mi tàn. Mo ní kí n kàn yọjú wò ó, ohun tí mo rí sì lé oorun náà lọ. Obìnrin kan tó ra báàgì aláwọ lọ́wọ́ wa ló kọ̀wé sábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa lórí Google, níbi tí oníbàárà ti ń fún olọ́jà ní ìràwọ̀ láti orí ọ̀kan dé márùn-ún, tí gbogbo ayé sì lè kà á: “Oṣù kan kò pé tí ọwọ́ báàgì yìí fi já. Mo kọ̀wé sí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ má fowó yín ṣòfò.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tà yóò mọ bó ṣe ń rí. Awọ tí mo fi ojú ara mi yàn, tí mo fi ọwọ́ ara mi gé, tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó tì títí ilẹ̀ fi ṣú, ni ẹnì kan fi gbólóhùn mẹ́ta sọ di pàǹtí. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Nígbà tí aago méjì òru lù, mo dá a lóhùn. Mo ṣì lè ka èsì náà láìwo ìwé: “Báàgì ni a tà fún ọ, a ò ta kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí o bá fẹ́ ru sìmẹ́ǹtì, lọ ra àpò sìmẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí wa. Irọ́ ò dáa.”

Ó dùn mọ́ mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sùn fọnfọn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti ya àwòrán èsì mi láti ojú fóònù rẹ̀, ó ti gbé e lọ síbòmíràn, ó sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, “Ẹ wá wo bí àwọn yìí ṣe ń bá oníbàárà wọn sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ obìnrin náà, bóyá ènìyàn mẹ́wàá ni ìbá kà á lóṣù kan. Tèmi, kò sí bí mo ṣe lè ka iye àwọn tó ti rí i kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn kan ń bú mi, àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè ìgbà tí báàgì tó ń ru sìmẹ́ǹtì yóò jáde. (Bí ẹ bá fẹ́ òótọ́, èyí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjì ni.)

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti ní orúkọ tipẹ́. Lọ́dún 2003, Barbra Streisand, gbajúgbajà olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pe ayàwòrán kan lẹ́jọ́, ó ń béèrè àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ilé òun hàn nínú ọ̀kan lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí ọkùnrin náà yà láti fi ṣàkọsílẹ̀ bí òkun ṣe ń jẹ etíkun California. Kí ó tó pẹjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni wọ́n tíì gba àwòrán náà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀ gan-an ló sì gba méjì níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ẹjọ́ náà jáde, ó lé ní 420,000 ènìyàn tó lọ wò ó láàárín oṣù kan. Ó pàdánù ẹjọ́ náà pẹ̀lú. Ní 2005, Mike Masnick, tó ń kọ̀wé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, fi orúkọ obìnrin náà sọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ́ ọn lórí títí dòní. Èmi kì í ṣe gbajúmọ̀, ilé mi kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi lu agogo tó pe èrò wá.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí. Kò fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

“Àbúrò, ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn, ta lo kọ ọ́ sí?”

Mo ní obìnrin tó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni.

“Ìyẹn ti ra tirẹ̀, ó ti já, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ rà lọ́la ń kọ́? Àwọn lo dá lóhùn yẹn.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Nígbà tí mo kà á, mo ní áà, bí tèmi bá já, bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀ sí èmi náà nìyẹn. Tí kì í bá ṣe pé èmi ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà, n ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ.”

N kò rí nǹkan fọ̀. Mo jókòó, mo wá ń ro bí èmi fúnra mi ṣe ń rajà. Bí mo bá fẹ́ ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé àwọn oníràwọ̀ márùn-ún ni mo máa ń kọ́kọ́ kà? Rárá o. Àwọn tó fún wọn ní ìràwọ̀ kan ni mo ń wá lọ tààrà, bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó tó ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀tá ìdílé. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Judith Chevalier àti Dina Mayzlin ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2006 lórí bí ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé ṣe ń kan títà ìwé lórí Amazon àti Barnes & Noble. Wọ́n rí i pé ìràwọ̀ kan máa ń fa ọjà sílẹ̀ ju bí ìràwọ̀ márùn-ún ṣe ń gbé e sókè lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni mò ń wá lọ́dọ̀ àwọn oníràwọ̀ kan yẹn? Mo mọ̀ pé kò sí ọjà tí kì í bàjẹ́. Ohun tí mò ń wá ni bí olọ́jà yóò ṣe ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Bí mo bá rí ẹ̀sùn tó le, tí mo sì rí i pé ẹni tó ni ọjà jáde wá, ó fọhùn bí ènìyàn, ó tún nǹkan ṣe, ọkàn mi a balẹ̀ ju bí mo ṣe rí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rí àléébù rẹ̀ rí. Ọjà tó ní ìràwọ̀ márùn-ún gédégédé láìsí ẹyọ kan tó bẹ́ kúrò, ìfura ló máa ń mú wá. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Spiegel Research Center, ní Yunifásítì Northwestern, rí i pé ìgbà tí ìpíndọ́gba ìràwọ̀ bá wà láàárín 4.0 sí 4.7 ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ rà jù. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 5.0, ọwọ́ wọn a máa fà sẹ́yìn.

Mo pa èsì mi rẹ́. Kò tán nílẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó fọwọ́ kan fóònù lóru yẹn: mo ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó rajà lóòótọ́. Mo wá lọ sí Instagram. Kì í ṣe àpótí tí mo máa ń ṣí lójoojúmọ́ ni mo ṣí, bí kò ṣe èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ àwọn tí a kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí sí, tí ènìyàn lè má yà síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti ọwọ́ rẹ̀ tò tẹ̀léra wọn níbẹ̀.

Èkíní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ báàgì tí mo rà lọ́wọ́ yín ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi tún un rán? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.”

Èkejì, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún: “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti já o. Orí àtẹ̀gùn ló ti já lọ́wọ́ mi, ìwé ìdánwò ogójì ọmọ ló fọ́n ká sílẹ̀.”

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: “Ó dáa.”

Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. “Ó dáa” nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè gbé sínú bí ó bá dá dúró. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ló fún wa ní ìràwọ̀ kan. Olùkọ́ ni. Ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi báàgì náà gbé, èmi wá ń pa òwe sìmẹ́ǹtì fún un. Láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, “ẹ” ló ń pè mí. Èmi “o” ni mo pè é, ní gbangba, mo sì pè é ní òpùrọ́ lé e.

Mo kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ya àwòrán ibi tí báàgì náà ti já fún mi. Ọjọ́ méjì kọjá. Àwòrán dé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi ìka fẹ ojú rẹ̀ títí ó fi kún fóònù. Awọ kò ya. Òwú ló já, ó sì já ní ibì kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí ìrán ti ń yí padà. Ẹnu òwú náà ti fọ́n ká bí búrọ́ọ̀ṣì àlòkù. Òwú náílọ́ọ̀nù tí a máa ń lò kì í já báyẹn, bí ó bá tilẹ̀ já, ẹnu rẹ̀ a mú ṣóńṣó.

Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́. Èyí àgbà wò ó, ó fọwọ́ họ orí. “Ọ̀gá, ẹ rántí ìgbà tí òwú wa tán, tí iṣẹ́ sì ń kánjú?”

Mo rántí. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà bóyá kí àwọn dúró de òwú tiwa. Èmi ni mo ní kí wọ́n lo èyí tó wà nílẹ̀, mo ní ó tó ó ṣe.

A mú báàgì kan tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tí a fi òwú yẹn rán, a gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri, a kó ìwé sínú rẹ̀. Ìwé gidi, kò ju ohun tí olùkọ́ kan lè gbé lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹrin, a wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí a gbọ́ “tá!” lẹ́yìn wa, ìwé sì dà sílẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀.

Mẹ́tàlélógún ni a ti tà nínú irú báàgì yẹn. Mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó rà á. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní tiwọn ti ń tú. Ti ẹni méjì ti já pátápátá. Ọ̀kan ti gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó ti sanwó fún un, kò bi wá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin kan dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó dúpẹ́ pé mo rántí òun, ó wá kọ gbólóhùn kan tí n kò lè gbàgbé: “Mo kàn ti sọ fún ara mi pé n ò ní rà lọ́dọ̀ yín mọ́ ni.”

Ẹ wò ó o. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan péré ló sọ̀rọ̀ síta, òun sì ni mo bú. Àwọn yòókù fi ẹ̀rín músẹ́ kó ẹsẹ̀ wọn kúrò nílé wa. Ká ní olùkọ́ yẹn kò kọ ohun tó kọ, mà á ṣì máa fi òwú jíjẹrà rán báàgì, mà á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn tó ti rà rí kì í padà wá. Ọ̀pọ̀ olókòwò tí mo mọ̀ ló gbà pé ẹni tó kọ ẹ̀sùn síta ni ọ̀tá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ìdákẹ́jẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Èsì kejì tí mo kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, mo sì kọ ọ́ ní ọ̀sán gangan: “Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ. Òwú tí a fi rán ọwọ́ báàgì yín kò lágbára, èmi ni mo sì ní kí wọ́n lò ó. Ẹ kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a kò rí i nítorí pé a kò wo ibi tó yẹ ká wò. A ti pààrọ̀ òwú náà, a sì ti kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ra irú rẹ̀. Èsì tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kò bójú mu rárá, mo ti pa á rẹ́. Báàgì mìíràn ti wà lọ́nà fún yín, ẹ kò ní sanwó kankan.”

Ó gbà mí ní wákàtí kan àtààbọ̀. Ohun tó gba àkókò ni àwọn gbólóhùn tí mo ń yọ dà nù. Mo kọ́kọ́ kọ “bí ó bá jẹ́ pé a ṣẹ̀ yín”. Mo yọ ọ́. Kí ni “bí ó bá jẹ́”? Mo kọ “ìnira yòówù tó lè ti ṣẹlẹ̀”. Mo yọ òun náà. Ìnira kò “lè ti ṣẹlẹ̀”, ó ṣẹlẹ̀, orí àtẹ̀gùn ló ti ṣẹlẹ̀. Àforíjì tó bá ní “bí” nínú, ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ ṣì ń jà. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni èsì tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ̀ kiri. Mo ti rí ojú ewé ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo ẹ̀sùn gba èsì kan náà láti òkè dé ilẹ̀, lẹ́tà kò yàtọ̀ sí lẹ́tà. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ńṣe ló ń yìn wọ́n.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí nínú rẹ̀. Davide Proserpio àti Georgios Zervas gbé e jáde ní 2017. Wọ́n wo àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí TripAdvisor, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ bí hòtẹ́ẹ̀lì ṣe rí, ìràwọ̀ wọn fi 0.12 gòkè, iye àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn sì fi 12% pọ̀ sí i. Ìyẹn dáa. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n ń rí gbà dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó bá wá a máa gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé onílé ń kà á, kò ní kàn ju ẹ̀gún sílẹ̀ kí ó sá lọ, yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ̀sùn gígùn ni èmi ń fẹ́ báyìí. Gbólóhùn mẹ́ta ni olùkọ́ yẹn kọ, ká ní ó kọ ogún, bóyá mà bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwú ni.

Ìbínú kò kúrò lára mi o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Bí ìràwọ̀ kan bá dé lónìí, àyà mi ṣì ń já. Ìwé kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo máa ń fi bírò kọ èsì àkọ́kọ́ sí, èyí tó wá láti inú ikùn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó dùn débi pé ó ń dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò ní kà á láéláé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni mo máa ń kọ èyí tó ń jáde síta, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà á sì kà á sókè fún mi kí a tó fi ránṣẹ́. Sókè ni o, nítorí pé ojú kì í rí ohùn tó wà nínú ọ̀rọ̀, etí ló ń gbọ́ ọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó, inú ohùn ọmọ náà ni mo ti máa ń gbọ́ bóyá obì ni mo kọ tàbí ọfà. Lẹ́ẹ̀kan, ó ka tán, ó ní, “Ọ̀gá, èyí ṣì ń bú wọn.” Mo yọ gbólóhùn méjì.

Ohun kan tó kù díẹ̀ kí n ṣe lóru ọjọ́ yẹn, tí Ọlọ́run kó mi yọ nínú rẹ̀, ni pé mo fẹ́ wá orúkọ rẹ̀ kíkún, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ọjọ́ tó sanwó jáde, kí n gbé wọn síta, kí ayé lè mọ̀ pé oníjàngbọ̀n ni. Bátìrì fóònù mi ló tán. Ní 2019, àwọn dókítà eyín kan ní Dallas san 10,000 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń fèsì fún aláìsàn kan lórí Yelp, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́, wọ́n dárúkọ ìdílé rẹ̀, wọ́n sì sọ nípa àìlera rẹ̀. Báàgì kì í ṣe eyín, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà fi lé yín lọ́wọ́ kí ẹ lè bá a fi ọjà ránṣẹ́, kì í ṣe ohun ìjà.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń wàásù pé oníbàárà kì í jẹ̀bi: oníbàárà máa ń jẹ̀bi. Mo kórìíra òwe àwọn olókòwò yẹn. Ọkùnrin kan fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí pé báàgì àwọ̀ ilẹ̀ tó rà jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ bó ṣe lè dá a padà, ó tán. Ẹlòmíràn kọ̀wé sí mi pé bí n kò bá dá gbogbo owó òun padà, kí òun sì fi báàgì náà ṣe tòun, òun yóò bà wá lórúkọ jẹ́. Bí mo bá jẹ ènìyàn ní gbèsè, mà á san án, bó bà mí lórúkọ jẹ́, bí kò bà mí jẹ́. Bí n kò bá jẹ ẹ́, ìràwọ̀ kò lè di gbèsè sí mi lọ́rùn. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́tù kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, mo fi àwọn òǹkàwé ṣe adájọ́.

Ti àwọn tí kò rajà rí ló le jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti fi irú wọn sun Google, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yọ ọ́. Google kì í yọ ọ̀rọ̀ kúrò nítorí pé kò dùn mọ́ olọ́jà, àfi bí ó bá rú òfin wọn: bí ó bá jẹ́ ayédèrú, èébú, tàbí ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tó ń bá yín du ọjà. Ẹ fi í sùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá orúkọ náà nínú ìwé yín, ẹ kò rí i, kí ó jọ̀ọ́ kàn sí yín bí ó bá jẹ́ orúkọ mìíràn ló fi rà á. Ẹni tó bá gbọ́n tó kà á yóò mọ̀.

Ṣé mo ti dán ọ̀nà àbùjá wò? Mo dán an wò. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, mo bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n bá mi kọ ohun rere. Láàárín alẹ́ kan, ìràwọ̀ márùn-ún mọ́kànlá rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé, “Báàgì tó dára jù lágbàáyé.” Kò tíì rí báàgì wa rí láyé rẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi ń wu ènìyàn: Michael Luca ti Harvard Business School fi hàn ní 2011, nígbà tó wo àwọn ilé oúnjẹ ní Seattle lórí Yelp, pé ìràwọ̀ kan tó bá lé e a máa fi owó tó ń wọlé lé sí i láti 5% dé 9%, àwọn aládàáni ni ó sì ń kàn, kò kan àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri. Àwa kéékèèké ni ìràwọ̀ ń pa, àwa náà ló ń là. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, ojú rẹ̀ sì ń hàn. Láti 21 oṣù kẹwàá 2024 ni òfin FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti ń mú ẹni tó bá ra ayédèrú ọ̀rọ̀ oníbàárà tàbí tó tà á, owó ìtanràn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè lé ní 50,000 dọ́là. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tiwọn lélẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Èmi kò dúró de òfin: ojú ló tì mí. Mo pe àwọn ẹbí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bínú díẹ̀, ó ní ohun tí òun kọ yẹn ti ọkàn òun wá.

Dídi ènìyàn lẹ́nu náà kò ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òun láìdáa, ó sì gbé owó ìtanràn 3,500 dọ́là ka tọkọtaya kan lórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n dá lẹ́bi ní 2014, wọ́n ní kí ó san owó tó lé ní 300,000 dọ́là. Ní ìparí 2016, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ tó sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di asán. Kódà eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ olùtajà náà lè fún olùrajà ní àmì búburú, ti gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ olùtajà láti 2008, nítorí ẹ̀san tí wọ́n ń fi í gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ní ìwà ìrẹ́jẹ ni. Mo rántí aago méjì òru, mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Báàgì tuntun dé ọwọ́ olùkọ́ náà. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí ìràwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní rárá, báàgì ni mo jẹ ẹ́, kò jẹ mí ní ìràwọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, fóònù mi tàn. Ó ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Ìràwọ̀ mẹ́ta, àti gbólóhùn méjì: “Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi. Èyí kò tíì já.”

Mo wo “tíì” yẹn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí n kọ̀wé sí i, kí n bi í pé ìràwọ̀ méjì tó kù ńkọ́. Báàgì kan ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri wa, èyí tí a fi òwú tuntun rán lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, a kó ìwé kún inú rẹ̀. Ó ti di oṣù kẹjọ báyìí. Láràárọ̀, kí n tó tan ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń lọ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀.